Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé l'Ádó-Èkìtì, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Ìyá Bàsírì:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti wá ilé rà ní Adó láìpẹ́ yìí á mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ilé háyà ní Bàsírì ọjọ́ ti pẹ́, láńlọ́ọ̀dù kàn jí lọ́jọ́ kan ló bá tún fi owó lé owó ilé, la bá ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká ra tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tá ò ra ilẹ̀ ká máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ẹ̀yin náà ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 nígbà tí báàgì símẹ́ǹtì kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà láwọn ibì kan. Àbúrò ọkọ mi kọ́lé dé lintel, ìyẹn orí wíńdò, nígbà yẹn. Orí lintel náà ló ṣì wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwa nìkan kọ́ là ń wá ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ń wá, láti 2009 tí yunifásítì yẹn ti dé, ojú ọ̀nà Ìjàn ò rí bákan náà mọ́, Póòlì wà lọ́hùn-ún, pápákọ̀ òfurufú tún wà lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn tó fẹ́ ra ilé kí wọ́n sọ ọ́ di hostel fún ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, náà ń wá. Àwọn tó fẹ̀yìntì l'Ékòó ń darí bọ̀ wálé. Àwọn ará òkè òkun wá ni baba gbogbo wọn, wọ́n á rí fọ́tò lórí WhatsApp, wọ́n á ní "ẹ fi account ránṣẹ́", ilé ti lọ nìyẹn, èmi tí mo wà nílùú níbí ò tíì ráyè débẹ̀ torí mo wà níbi iṣẹ́.

Ilé àkọ́kọ́ tó wọ̀ wá lójú wà lápá Adébáyọ̀. Yàrá mẹ́ta, fẹ́ǹsì yí i ká, kànga wà, mo ti ń wo ibi tí màá gbé fìríìjì sí. Ẹ́jẹ́ǹtì gba owó ìwolé lọ́wọ́ wa (ìyẹn náà, kí ni wọ́n ń gbowó ẹ̀ gan-an, ṣebí a kàn wò ó ni), ó ní mílíọ̀nù méjìlélógún. Bá a ṣe dúró nínú kọ́ńpáùn báyìí fóònù ẹ̀ dún, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgbà tó máa padà dé ó ní àwọn kan ti ní àwọn á san mẹ́rìnlélógún. Mo ní nínú ara mi pé irọ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á ní èèyàn mẹ́wàá ló ń du ilé kí ara tèèyàn má bàa balẹ̀. Ọkọ mi ní ká lọ bá lọ́yà kó bá wa yẹ ìwé wò ná. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kó tó parí, ilé ti lọ.

Ẹ́jẹ́ǹtì ò purọ́ o! Àwọn tó ń du ilé náà wà lóòótọ́. Ìgbà tí mo wá gbọ́ bí ẹni tó rà á ṣe rí i gbà ni mo panu mọ́, torí mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún ló san, ẹni tó lóun á san mẹ́rìnlélógún ò rí i. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe ni pé, kó tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà rárá ló ti fún lọ́yà ẹ̀ lówó search, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń yẹ ìwé ilé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ìwé ilé náà mọ́, ó ti mọ àwọn ọmọ olóògbé tó ń tà á, gbogbo wọn ló ti pè lọ́kọ̀ọ̀kan tó kí wọn. Nígbà tí àwa ń bẹ̀rẹ̀, òun ti parí. Owó tó lè ṣòfò tí ìwé ilé bá ní wàhálà ló fi ta gbogbo wa yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé owó ló ń ra ilé l'Ádó, ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ rí i. Ẹni tó ti múra sílẹ̀ ni onílé ń tà fún, torí àárẹ̀ ti mú onílé fúnra ẹ̀, kò fẹ́ ẹni tó máa lọ yáwó wá tàbí tí ọmọ bàbá kan á tún jáde sí lẹ́yìn ọ̀la.

Bá a ṣe yí ọwọ́ padà nìyẹn. Ilé tó bá ti wù wá, lọ́yà ló ń kọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ owó á tẹ̀lé e. Ó dùn wá nínú àpò o, n ò ní pa á mọ́ fún yín. Ilé kan wà lọ́nà Ìláwẹ̀, a sanwó search, lọ́yà dé, ó ní ọmọ kan ṣoṣo nínú ẹbí ló ń tà á, olórí ẹbí ò gbọ́ sí i. Ó ní tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà ilé ẹbí ò fìdí múlẹ̀ rárá lójú òfin, tí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí tó kù mọ̀, wọ́n lè gba kọ́ọ̀tù lọ kí wọ́n tú u ká. A kó ẹsẹ̀ wa kúrò. Ẹnìkan san owó síbẹ̀ lẹ́yìn wa, ibi tó bá a dé èmi ò mọ̀.

Èyí tá a wá rà, ẹ́jẹ́ǹtì kankan ò mú wa débẹ̀. A ń jẹ iyán lọ́dọ̀ màmá kan lójú ọ̀nà Afáò ni, ọkọ mi ṣáà ní "Màmá, ẹ ò mọ ẹni tó ń talé ládùúgbò yìí?" Màmá ní tíṣà àgbà kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó fẹ́ kó lọ bá ọmọ ẹ̀ n'Íbàdàn, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì gbọ́ torí wọn ò ní jẹ́ kó sùn.

Bàbá ò dárúkọ owó títí. Ọmọ ibo ni yín? Ta ni bàbá yín? Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ? Kí lẹ fẹ́ fi ilé ṣe? Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lọkọ mi, èmi ọmọ Ìjerò, bàbá sì ti ṣe tíṣà n'Íjerò rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí mi ò bá láyé, mo ṣáà ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni sà". Ó ní ẹnìkan ti fi mílíọ̀nù mẹ́ta lé iye tóun pè, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ní òun máa wó o ni, òun á fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní orí òun àti ti ìyàwó òun làwọn fi ru omi tí wọ́n fi po símẹ́ǹtì ilé yìí, ẹni tó bá máa wó o kó dúró kóun kú ná.

C of O bàbá, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, wà, àmọ́ ti ayé ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ẹ̀yin ọmọdé inú yín, October 1, 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ìwé ìjọba tó bá ṣáájú ìyẹn, ẹ ò lè bá Èkìtì lórí ẹ̀. Lọ́yà ní àfi kóun dé Àkúrẹ́ wò ó bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá bá tọ̀hún mu. Ó bá a mu. Sáféyọ̀ wá wo bíkìnì, àwọn òpó ààlà ilẹ̀ yẹn, ọ̀kan ti wọ abẹ́ fẹ́ǹsì aládùúgbò, bàbá àti aládùúgbò yanjú ẹ̀ lórí ìjókòó. Bàbá fọwọ́ sí deed, ìyẹn ìwé títà ilé, àkọ́bí ẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, a sanwó. Ìfọwọ́sí gómìnà tí òfin ilẹ̀ 1978 ní kó wà níbẹ̀ la ṣì ń lé báyìí, owó tìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín.

Bírìkìlà Àjílósùn:

Màmá, ẹ kú oríire o, ẹ ó lò ó pẹ́. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé ẹ kì í pè wá àfi tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán. Lọ́yà lẹ ń mú lọ, ẹ ò mú bírìkìlà. Ilẹ̀ Adó yìí olókùúta ni, ẹni tó kọ́ ilé lè gbẹ́ sókìwéè, kòtò omi ìdọ̀tí yẹn, títí kó kan àpáta, kó kàn fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí òjò bá dé ó ti kún, kọ́ńpáùn á máa rùn. Ẹ wo kànga lóṣù kejì, ẹ wo ilé lóṣù kẹsàn-án. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ta ló fẹ́ dúró dè yín di oṣù kẹsàn-án nígbà táwọn èèyàn ń du ilé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ lè bi ayálégbé tó wà níbẹ̀, wọn kì í gbè sẹ́yìn onílé. Ọ̀dà tuntun ńkọ́! Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn kí wọ́n tó tà á, ẹ fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri, tó bá tutù, ẹ dúró ná. Ọ̀gá kan pè mí sí ilé tó rà lápá Odò Adó, ó ní ògiri kan ń ṣí ọ̀dà, mo ní kí n họ ọ́ díẹ̀ wò, ọwọ́ mi wọ inú ibi tó là. Páálọ̀ lẹ̀ ń wò nígbà tẹ́ ẹ bá lọ wolé, ẹ kì í gbójú sókè wo àjà, ibẹ̀ ni omi ti ń yàwòrán.

Ọmọ Ìkọ̀lé ní Manchester:

Ẹ̀rín pa mí o, ẹ̀yin àǹtí, ẹ má di gbogbo ẹ̀ lé àwa ará òkè òkun lórí. Ìyà yẹn náà là ń jẹ níbí. Ní England, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ó ra ilé tí onílé sì gbà, kò tíì so yín pọ̀, ó dìgbà tí àwọn lọ́yà bá pààrọ̀ contract, ìyẹn sì lè gba oṣù mélòó kan. Láàárín ìgbà yẹn ẹlòmíì lè fi owó lé e kí onílé jù yín sílẹ̀, gazumping ni wọ́n ń pè é, òfin ò ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n ṣe é fún èmi àti ìyàwó mi. A ti sanwó fún ẹni tó yẹ ilé wò, a ti san díẹ̀ fún lọ́yà, ẹ́jẹ́ǹtì pè láàárọ̀ ó ní ẹ má bínú, onílé ti rí ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Scotland ní tiwọn yàtọ̀, tí àwọn tó ń du ilé bá ti pọ̀ wọ́n á dájọ́, kálukú á gba ọwọ́ lọ́yà ẹ̀ fi iye tó lè san ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ tẹnìkejì, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ní. Ó ní òun ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó ń yọ ẹgbẹ̀rún kan, ó ń fi ẹgbẹ̀rún méjì sí i.

Ní ti Adó, tẹ́ ẹ bá rí wa tá a yára sanwó, ẹ̀rù ló ń bà wá. Ẹ̀yin lè jẹ iyán kẹ́ ẹ fi gbọ́ ìròyìn ilé, àwa fídíò la ní. Mo rán èèyàn mi kan, èèyàn mi gidi o, pé kó lọ bá mi wo ilé kan l'Ókè-Ìlá, ó gba owó mọ́tò, ó fi fídíò ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wò ó ló ní "gééti ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkèsà kọ́ nìyí?" A ò tíì sọ̀rọ̀ yẹn tán nínú ẹbí wa.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ti fi NHF, owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń yá òṣìṣẹ́, ra ilé l'Ádó rí? Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, èlé ẹ̀ ò pọ̀ tó ti báńkì yòókù, èèyàn sì lè máa san án fún ọgbọ̀n ọdún, lẹ́nu ó dùn bí oyin. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀. Báńkì fẹ́ C of O, ó fẹ́ ẹni tó máa díye lé ilé, ó fẹ́ tibí ó fẹ́ tọ̀hún, wọ́n tún máa kó gbogbo ẹ̀ lọ Abuja. Ilé tí kò ju agreement àti rìsíìtì ẹbí lọ, èyí tó sì pọ̀ jù lára ilé Adó nìyẹn nínú àwọn tí mo wò, báńkì ò ní gbọ́. Èyí tó wá ní C of O, tí mo bá ti ní báńkì ló máa sanwó, ojú onílé á yí padà. Ọ̀kan sọ fún mi tààrà pé "ọ̀gá, ẹni tó gbé tiẹ̀ dání wà níta". Láti 2022 PenCom, àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, náà ti gbà kéèyàn mú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ fi ṣe owó tòun fúnra ẹ̀ máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀ nínú mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báńkì ń yáni ra ilé, mo fẹ́ so méjèèjì pọ̀. Ta ló máa dúró dè mí ni mi ò mọ̀.

Ìyá Bàsírì:

Ọ̀gá mi, bàbá tiwa náà bi wá bóyá owó báńkì ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ló gbà wá, ọkọ mi tún ta ilẹ̀ tó ní n'Íkẹ́rẹ́. Ẹ wá ilé lọ́wọ́ ẹni tí kò kánjú, bíi àgbàlagbà tó fẹ́ kó lọ bá ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀, irú wọn lè dúró dè yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí báńkì ti rí C of O ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe owó.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ẹ́jẹ́ǹtì àkọ́kọ́ yẹn gbọ́ pé a ti rí ilé rà, ó wá bá wa níbẹ̀ pé òun lòun kọ́kọ́ gbé wa gba ojú ọ̀nà Afáò kọjá, ká fún òun ní ìdá mẹ́wàá tòun! Bàbá ní kó jókòó. Ó ní ọmọ ibo ni ọ́? Ó ní Ìjàn. Ta ni bàbá ẹ? Ó dárúkọ ẹ̀. Àṣé bàbá ti na bàbá ẹ̀ ní kíláàsì rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ nà án. Arákùnrin mu omi, ó ní òun ń bọ̀.

Bírìkìlà Àjílósùn:

Màmá, sókìwéè ilé yín tuntun yìí, ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìyá Bàsírì:

Rárá o. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti di aago mẹ́wàá a ó ti dé láti ibi ìsìnkú tá à ń lọ. Ẹ mú àkàbà dání, páànù ẹ̀yìnkùlé ń jò díẹ̀.