Ṣé kí n nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé kájú kí n tó wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ kú làálàá. Nínú oko kájú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà, mo fẹ́ mọ bí igi ṣe ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ rẹ̀, láìjá ewé kankan. NDVI, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ewé dá padà sọ bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó, kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ewé kájú lè tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti dínkù. PRI ni mo fara mọ́, òṣùwọ̀n mìíràn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ewé dá padà ní ibi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn tó nánómítà 531 wé ti 570, tó sì máa ń yí padà bí ewé bá ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù fún un di ooru.

Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ti bo ewé débi pé, bí ènìyàn bá fi ìka kàn án, ojú ìka á hàn níbẹ̀ gbangba. Ṣé kí n nù ún kí n tó wọ̀n ọ́n ni, àbí kí n fi í sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé dúróònù tí yóò wo orí igi látòkè kò ní bá mi nu ewé kankan? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún là mí lọ́yẹ̀ lórí òjìji àti ilẹ̀ pupa tó ń yọjú láàárín ẹ̀ka: báwo lẹ ṣe ń yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò?