Ṣé kí Reclamation Sage dúró, àbí kí n yọ ọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré káàdì Magic: The Gathering dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Dẹ́ẹ̀kì (àkójọ káàdì) aláwọ̀ ewé tí mò ń tò fún Commander, irú eré Magic tó gba káàdì 100 péré, ti di káàdì 101. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Reclamation Sage, káàdì ẹ̀dá kan, ni ọkàn mi ò balẹ̀ lé lórí.

Mánà 3 (mánà ni ohun tí a fi ń sanwó káàdì) la fi ń pè é, agbára rẹ̀ kò ju 2 lọ. Ìjà kọ́ ló wá jà. Bó bá ti wọlé, ó lè ba artifact (káàdì ohun èlò) tàbí enchantment (káàdì idán tó ń dúró nílẹ̀) kan jẹ́. Naturalize, káàdì idán ẹ̀ẹ̀kan, ń ṣe iṣẹ́ yìí ní mánà 2, kódà nígbà tó bá kan ẹlòmíràn láti ta. Àmọ́ bí Naturalize bá ti ṣiṣẹ́, ó parí nìyẹn. Sage á ṣì wà nílẹ̀, á dínà fún ọ̀tá, Temur Sabertooth, ẹ̀dá mìíràn nínú dẹ́ẹ̀kì mi, sì lè dá a padà sọ́wọ́ mi kí n tún un pè. Èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù.

Mo ti dán méjèèjì wò, mi ò rí èyí tó borí.

Ìbéèrè mi: nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, bí Sabertooth ò bá tètè wọlé, ṣé Sage ṣì wúlò ju Naturalize lọ?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.