Lórí "ayédèrú áńpù": ẹ jẹ́ ká ya àwòṣe sọ́tọ̀ kúrò lára òǹtẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa kó ọ̀rọ̀ ohun èlò orin jọ ti dábàá "ayédèrú áńpù" fún àwọn àpótí oníkọ̀ǹpútà tí àwọn onígìtá ń gbé lọ sóde báyìí dípò áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Àlàyé wọn ni pé ohùn tí kò bá ti inú áńpù jáde, ayédèrú ni. Àbúrò wa kan ní Ìbàdàn ní "asínhùnjẹ" ló dáa jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò lè fara mọ́ ìkankan. Gìtá ni mo ń ta jẹun ní Òṣogbo, lóde àríyá àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àpótí yìí sì ni mò ń lò. Orúkọ tí a bá sọ wọ́n kò ní pẹ́ dé ẹnu àwọn ọmọ tí mò ń kọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ayédèrú ná. Oògùn la máa ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí náírà, tàbí ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí o gbà pé ojúlówó ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀tàn ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àpótí tí mò ń sọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà, ẹni tó ń jó sì ń wò ó nílẹ̀ níwájú onígìtá. Gángan náà ń fi ohùn jọ ohùn ènìyàn, ó ń kì Àtáọ́ja, ó ń pe olówó lórúkọ, mi ò sì tíì gbọ́ kí ọmọ Òṣogbo kankan pè é ní ayédèrú ọ̀rọ̀. "Asínhùnjẹ" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ta là ń sín jẹ? Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú iṣẹ́ yìí.

"Afohùnjọ" ni èmi fara mọ́. Ó bá ìlànà "agbohùnsílẹ̀" mu, èyí tó ti pẹ́ lẹ́nu wa, ẹni tó bá sì gbọ́ "fohùn ṣọ̀kan" rí kò ní bèèrè ibi tí "fi ohùn" ti wọlé. Kò bu àpótí náà kù, kò sì pọ́n ọn. Ohùn rẹ̀ jọ ti áńpù kan, ó tán.

Ibi tó ká mi lára jù ṣì wà níwájú. Ọ̀nà méjì ni àwọn afohùnjọ yìí ń gbà fi ohùn jọ, orúkọ kan ṣoṣo la sì fẹ́ fi bo méjèèjì.

Ní ọ̀nà kìíní, onímọ̀ ẹ̀rọ á tú áńpù wò, á yẹ àwọn ẹ̀yà iná inú rẹ̀ bíi rẹsítọ̀, kapásítọ̀, túùbù àti tiransifọ́mà wò, á ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, á wá kọ ìṣirò náà fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà yìí ló kọ́kọ́ dé. Roland gbé VG-8 jáde ní 1995, Line 6 gbé POD pupa rẹ̀ jáde ní 1998, Axe-Fx ti Fractal Audio dé ní 2006, Helix sì dé ní 2015. Ọ̀nà kejì kò bèèrè ohun tó wà nínú áńpù rárá. Wọ́n á rán ohùn ìdánwò wọ inú rẹ̀, wọ́n á gba ohun tó bá jáde, kọ̀ǹpútà á sì máa tún tirẹ̀ ṣe títí tí á fi jọ ọ́. Kemper ti Jámánì ló sọ èyí di ìlú-mọ̀ọ́ká. TONEX tí wọ́n ṣe ní Ítálì tẹ̀lé e ní 2022, Neural Amp Modeler tí Steven Atkinson kọ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà.

Mo dábàá "àwòṣe" fún ti àkọ́kọ́: wọ́n wo bí wọ́n ṣe tò ó, wọ́n sì ṣe é. Mo dábàá "òǹtẹ̀" fún ti ìkejì, ká sì máa sọ pé a lu òǹtẹ̀ áńpù kan. Ẹnìkan lè ní òǹtẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí, pé tí ọba bá fi òǹtẹ̀ lu nǹkan, ó ti gbà á wọlé nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "tẹ̀" ló wà nínú rẹ̀. Àmì tí nǹkan fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ló ṣáájú, ìfọwọ́sí ló gùn ún lẹ́yìn.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì rèé. Nínú sítúdíò ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Baálẹ̀, a gbé àpótí aláwòṣe kan àti alóǹtẹ̀ kan kalẹ̀, áńpù Fender Twin Reverb ni àwọn méjèèjì fi ohùn jọ. A gba gìtá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsí áńpù, a wá ń rán ohun kan náà gba inú méjèèjì kí ọwọ́ ènìyàn má bàa yí i padà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń ta gìtá jùjú tipẹ́ jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí ohùn mọ́ lóló bíi ti jùjú, wọn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Ọ̀rẹ́ mi wá yí bọ́tìnnì béèsì lára méjèèjì. Lára aláwòṣe, ohùn òkè náà yí díẹ̀, torí pé nínú Twin gidi, ojú ọ̀nà kan ni béèsì, àárín àti òkè jọ ń gbà, ọ̀kan kì í yí kó má kan èkejì. Lára alóǹtẹ̀, béèsì nìkan ló gbéra. Ẹ̀gbọ́n náà mi orí, wọ́n ní, "Èyí ò gbọ́ràn bíi áńpù."

Wọn ò mọ èwo ni wọ́n ń gbọ́, síbẹ̀ wọ́n tọ̀nà. Òǹtẹ̀ gbé bí áńpù náà ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí wọ́n lù ú: ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan dúró sí, nígbà mìíràn ibi tí maikí wà pẹ̀lú. Tí o bá wá yí bọ́tìnnì àpótí, ti ẹni tó ṣe àpótí lò ń yí, kì í ṣe ti áńpù. Ọmọ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ fún èyí á ní àpótí náà kò dára, á tà á, á lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ kan tí wọ́n lù níbi tó fẹ́ gan-an ni ì bá wá. Mo ti rí i ní Òṣogbo níbí, owó ńlá ló sì ń bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ wa ò kúkú fi àpótí rọ́pò áńpù nítorí ohùn. Twin Reverb tó kìlógírámù 29. Àpótí Quad Cortex ti Neural DSP ní Finland kò tó kìlógírámù 2. Ẹni tó máa gun ọ̀kadà lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ òjò ti mọ èyí tó máa gbé. Quad Cortex yìí sì ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù: àwòṣe àti òǹtẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, orúkọ àpótí kò lè jẹ́ orúkọ ọ̀nà. Kemper pàápàá ti ń mú bọ́tìnnì àwòṣe wọ inú òǹtẹ̀ báyìí, a ò sì lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe láìsí ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Gbólóhùn àpẹẹrẹ tí ẹ̀gbọ́n wa kọ ni "Ayédèrú áńpù yìí dùn ju ìyẹn lọ." Mo bẹ̀bẹ̀ kí a yí i. Àwọn onímọ̀ nípa ohùn méjì, Fletcher àti Munson, ti fi hàn láti 1933 pé bí ariwo ohùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni etí wa ń gbọ́ béèsì sí i, nítorí náà èyí tó pariwo jù la máa ń rò pé ó dùn jù. A ní láti mú méjèèjì dọ́gba kí "dùn jù" tó ní ìtumọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí ariwo wọn dọ́gba, àwòṣe Twin yìí gbọ́ràn sí ọwọ́ ju òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ." Ọmọ tó bá ka ìyẹn á mọ ohun tí wọ́n fi wéra.

Ó ku sípíkà. Sípíkà gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tín-ín-rín tó bá ga ju bíi 5,000 Hz lọ, ìdí nìyẹn tí gìtá tí a so mọ́ sípíkà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì tààrà fi máa ń ta etí. Fáìlì kékeré tí a ń kó wọlé láti fi tún un ṣe, òǹtẹ̀ ni òun náà, torí gbígbà ni wọ́n gba ohùn sípíkà àti maikí sínú rẹ̀. "Òǹtẹ̀ sípíkà" ti tó fún un.

"Sétìn" ní tirẹ̀, ìyẹn bí a ṣe to àwọn bọ́tìnnì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Gbogbo onígìtá tí mo mọ̀ níbí ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì yé wọn. Ìbéèrè mi sí ẹ̀yin tó wà ní Èkìtì àti Oǹdó ni èyí: nígbà tí ohùn gìtá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha torí pé a ti gbé áńpù sókè jù, kí lẹ ń pè é? "Híha" là ń wí níbí, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá lọ́dọ̀ yín ọ̀rọ̀ kan wà tó ya híha tó dùn kúrò lára èyí tí sípíkà tó ti ya máa ń ṣe.