Bàbá mi ò lo òògùn BP wọn déédéé, ṣé ìtàn lè yí wọn lọ́kàn padà?

OmoBaba_Kan
Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin ará. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún mẹ́ta rèé tí dókítà ti kọ òògùn fún wọn, àmọ́ bí BP bá ti wálẹ̀ díẹ̀ báyìí wọ́n á ní ara àwọn ti yá, ó parí nìyẹn, òògùn ti wọ inú dúrọ́ọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a wọ̀n ọ́n, 168/102!! Orí ò fọ́ wọn, òòyì ò kọ́ wọn, wọ́n wá ní ẹ̀rọ ló ń parọ́. Mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti bínú, etí ikún ni wọ́n kọ sí gbogbo ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n yéé wàásù, kí n wá ìtàn ẹni tó ti la irú ẹ̀ kọjá kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé àlọ́ la fẹ́ fi wo BP ni? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kankan ti gbìyànjú ẹ̀ rí?

Noosi_Agba
Má rẹ́rìn-ín jàre, àbúrò mi. Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Ní Birmingham, Alabama l'Ámẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n lò, wọ́n ya fídíò àwọn aláìsàn bíi tiwọn tó ń fi ẹnu ara wọn sọ bí àwọn ṣe ń bá a yí, wọ́n fún àwọn kan ní DVD ẹ̀ kí wọ́n máa wò ó nílé, wọ́n fún àwọn yòókù ní DVD ọ̀rọ̀ ìlera míì tí ò kan BP rárá. 2011 ni èsì ẹ̀ jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nínú àwọn tí BP wọn ò gbọ́ràn tẹ́lẹ̀, ti àwọn tó wo ìtàn wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nọ́ńbà tòkè fi bíi 11 jù. Kékeré kọ́ o. Àmọ́ àwọn tí tiwọn ti wà ní ìkáwọ́ tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀, kí n má parọ́. Kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n ju òògùn nù.

Ẹni tó máa sọ ọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó jọ bàbá yín ni kẹ́ ẹ wá, àgbàlagbà olóríkunkun tó ti sọ "irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa" rí. Ẹ má kàn wá ìtàn rọpárọsẹ̀ láti fi já wọn láyà, ẹni tí àyà bá já á dijú ni.

Mo_Ti_Gbon
Mo fẹ́ kọjá lọ ni àmọ́ èmi gan-an ni bàbá yẹn lọ́jọ́sí. Níbi tá a ti ń dúró de dókítà ni bàbá kan jókòó tì mí, ọwọ́ wọn ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò gbà mí nímọ̀ràn kankan o, wọ́n kàn ń sọ tara wọn, pé inú dúrọ́ọ̀ ni òògùn àwọn máa ń wà, pé ní báyìí ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn fi ń fọyín ni àwọn ń gbé e sí, torí àwọn ò lè gbàgbé ẹnu àwọn. Mo délé, mo gbé tèmi síbẹ̀. Títí dòní.

Iya_Meji
@OmoBaba_Kan ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà lò ń dá ara ẹ lóhùn. Ṣé o ti jẹ́ kí bàbá sọ ìtàn tiwọn? Màmá mi dá òògùn dúró, a pè wọ́n ní alágídí, ìgbà tá a wá jókòó gbọ́ wọn ni wọ́n ní ikọ́ ò jẹ́ kí àwọn sùn látìgbà tí àwọn ti ń lò ó. Ojú ló ń tì wọ́n láti sọ fún dókítà. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ikọ́ lọ.

Noosi_Agba
Lisinopril, òògùn BP kan, máa ń fa irú ikọ́ yẹn. Amlodipine, òògùn BP míì, lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀, kéèyàn ṣáà má dá a dúró fúnra ẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra o, ìtàn náà ló ń pa àwọn míì. Fóònù kún fún ẹni tó ń ní òun mu àgbo, òun da òògùn nù, ara òun le koko. Ẹni tírú ẹ̀ pa ò lè wá sọ tiẹ̀ fún wa.

OmoBaba_Kan
Ẹ ṣé gan-an. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná, mo sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n àwọn bẹ̀rẹ̀ òògùn BP ló kú, pé àtìgbà yẹn, bí àwọn bá ti rí kóró òògùn yẹn, òkú ẹ̀gbọ́n àwọn ni àwọn ń rí. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn jókòó tì wọ́n.

Noosi_Agba
Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìsàn ẹ̀gbọ́n wọn ti wọra kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, àmọ́ ẹ má tíì bá wọn jiyàn ẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á lè sọ ọ́ fún dókítà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí, 168/102 kì í ṣe ohun tá a fi ń tòní tọ̀la. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì, kẹ́ ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀. Tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí ẹnu bá wọ́, ẹ má dúró dọjọ́ kankan o, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.