King Gizzard & the Lizard Wizard: àwo wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Ọmọ Agbo: Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rẹ́ mi kan fi orin King Gizzard ránṣẹ́ sí mi, àwọn onírọ́ọ̀kì Melbourne ní Ọsirélíà yẹn, ó sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ nígbà tí mo ka iye àwo tí wọ́n ti ṣe, ó lé ní ogún! Orin jùjú ló mọ́ mi létí jù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Onígìtá: Àbúrò, Nonagon Infinity (2016) ni. Orin 9 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ń wọnú ìkejì láìdánu dúró, ìparí ìkẹsàn-án sì tún bọ́ padà sínú ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣáà jẹ́ kó máa yí lọ.

Àdùnní Orin: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, iná yẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Quarters! (2015) ló máa bá a lára mu: orin 4 péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé. "The River" ló ṣíwájú. Gìtá ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, kò kánjú rárá.

Baba Àwo: Ti Àdùnní ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n má fo Flying Microtonal Banana (2017) o. Wo ọrùn gìtá tí Stu Mackenzie, olórí ẹgbẹ́ náà, ta nínú ẹ̀: wọ́n fi irin tín-ín-rín mìíràn há àárín àwọn tó ti dábùú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ohùn tó fara pamọ́ sáàárín ohùn méjì lè jáde. Lára bağlama, ohun èlò orin olókùn ti àwọn ará Tọ́kì, ló ti rí i kọ́. Lọ́dún yẹn nìkan, àwo 5 ni wọ́n gbé jáde! Wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn, Polygondwanaland, ta aráyé lọ́rẹ: ẹni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kó tà á.

Onígìtá: Ohun tí mo fẹ́ràn nípa wọn gan-an nìyẹn. Òfin kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún àwo kan, wọn á tẹ̀ lé e délẹ̀, wọn á sì kúrò níbẹ̀. Infest the Rats' Nest (2019), mẹ́tàlì (rọ́ọ̀kì líle) paraku. Butterfly 3000 (2021), synthesizer, dùùrù oníná, ló gbòde. Phantom Island (2025), ọ̀kẹ́sírà ló ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Agbo: Mo ń gbọ́ "The River" lọ́wọ́ lórí YouTube. Ó dùn kọjá sísọ! Kí ló dé tí mi ò rí i lórí Spotify?

Baba Àwo: Wọ́n ti kó orin wọn kúrò níbẹ̀ ní oṣù Keje 2025, torí owó tí Daniel Ek, ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, fi sínú iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ogun. Lọ sórí Bandcamp, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta orin, ibẹ̀ ni mo ti ra tèmi.