Àbọ̀ ìbéèrè mi: ráútà tó ń kú bí iná bá lọ

Mo béèrè bí ìpàdé Zoom kò ṣe ní máa já nígbà tí iná bá lọ. UPS kékeré fún ráútà (bátìrì tó ń gbé e bí iná bá lọ), èyí tó ń lo DC, irú iná tó ń jáde láti ṣájà ráútà, ló yanjú rẹ̀. Iná á lọ, ráútà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ráútà yín: tèmi jẹ́ 12V, 1.5A. Bí ẹ bá ki UPS 12V bọ ráútà 9V, ráútà lè jóná.

Síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Òpó kan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì máa ń lò nígbà mìíràn, bó bá kú, méjèèjì lọ nìyẹn. Google Docs ń ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ tan “offline” rẹ̀ nínú Chrome ṣáájú.

Ó ku kọ̀ǹpútà orí tábìlì. UPS kékeré yẹn ò lè gbé e. Ẹ ṣé o.