Síìmù wo ni kí oníbọ́ọ̀sì tí kì í sùn sójú kan lò ní Èkìtì?

Aláṣọ Inú Bọ́ọ̀sì: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Inú bọ́ọ̀sì mi ni mo ti ń ta ankara, inú rẹ̀ náà ni mo sì ń sùn, nítorí ọjà ọlọ́rọọrún ni mò ń tẹ̀ lé láti Adó dé Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, kí n tó ṣẹ́rí gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ́gòsì. Síìmù kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan sanwó sí àkáǹtì mi, àlẹ́ẹ̀tì kò wọlé, èmi àti òun sì jọ jókòó ti aṣọ náà fún nǹkan bí wákàtí kan. Ilé-iṣẹ́ wo ni kí n bọ́ sí?

Awakọ̀ Ọ̀mùò: Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá, ìlú tí oníkálukú ń gbé ni yóò fi dá yín lóhùn. Òkè pọ̀ nílẹ̀ wa: nẹ́tíwọọ̀kì lè kún fọ́fọ́ lórí òkè, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì kí ó pòórá, nítorí pé òkè ti dínà láàárín ẹ̀yin àti òpó. Síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń lò nínú fóònù kan. Kí ẹ tó ra èkejì, ẹ bi àwọn oní-POS níbi tí ẹ ń sùn pé síìmù wo ló wà nínú ẹ̀rọ wọn. Mo gbà wọ́n gbọ́ ju ìpolówó ọjà lọ, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá.

Ìyá Onífóònù, Adó: Bọ̀dá, ẹ má fi nọ́ńbà tí báǹkì mọ̀ ṣeré. Láti ọdún 2013 ni a ti lè mú nọ́ńbà kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láì pààrọ̀ rẹ̀: ẹ ó gba síìmù tuntun ní ọ́fíìsì ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó sì fi láìnì àtijọ́ tẹ PORT ránṣẹ́ sí 3232. Ẹ rántí pé ó di ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó lè tún ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹ mú NIN yín dání.

Olùkọ́ Ìkọ̀lé: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá wa, èmi kò rí ìdí tí a ó fi ṣí nọ́ńbà báǹkì nípò rárá. Kí ó wà níbi tó wà fún ìpè àti àlẹ́ẹ̀tì, kí síìmù tuntun máa gbé dátà. Kóòdù báǹkì, èyí tí a ń tẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń pe nọ́ńbà, kò nílò dátà, nítorí náà, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kú tí ìpè ṣì ń wọlé, ẹ fi kóòdù náà yẹ àkáǹtì wò dípò kí ẹ máa retí àlẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì jẹ́ kí síìmù kejì sùn lọ: èyí tí a kò fi pè tàbí ra nǹkan kan fún ọjọ́ 180, wọ́n lè tì í pa. Ní ti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2023, ó dára, ṣùgbọ́n iná tí yóò máa jẹ lára bátìrì bọ́ọ̀sì kò kéré. Aláṣọ kò nílò rẹ̀.

Aláṣọ Inú Bọ́ọ̀sì: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Nọ́ńbà báǹkì kò ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀la ni ọjà Ìkọ̀lé. Àwọn oní-POS ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ bi, kí n tó tú aṣọ kankan sílẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ló kù o: ta ló ń sùn níbẹ̀ nínú yín?